Kí O Tó Fi Abẹ́rẹ́ Oníná Kan Awọ Ènìyàn

Kí n tó fi abẹ́rẹ́ oníná jó àmì kúrò lára awọ oníbàárà, ìbéèrè ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. “Ṣé ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ wà láyà yín? Ṣé ẹ lóyún? Ṣé ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì? Ọgbẹ́ yín àtijọ́ ńkọ́, ṣé ó wú di kẹ́lọ́ìdì, ìyẹn àpá líle tó yọ sókè?” Bí ó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan, mi ò ní tan ẹ̀rọ títí dókítà yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àmì dúdú tó ń tóbi, tó ń yí àwọ̀ padà tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, má fọwọ́ kàn án rárá. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí o bá sì jó o, kí ni dókítà fẹ́ yẹ̀ wò mọ́?

Bí o bá fi sípíríìtì nu awọ, jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Mo rí i tó gbiná nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mi ò sì gbàgbé.

Abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìbọ̀wọ́ tuntun. Iná tó kéré jù ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, pàápàá lára aláwọ̀ dúdú, torí àpá kì í tètè lọ lára wọn. Kí oníbàárà má ṣí èépá tó bá bo ojú ibi tí o jó. Yóò já fúnra rẹ̀.