Háítì: Àṣìṣe Tí Àwọn Olùrànlọ́wọ́ Kò Yé Ṣe

Owó tí ilẹ̀ òkèèrè ń ná láti tún ìjọba Háítì ṣe kò kéré, ibi kan náà ló sì ń ṣòfò sí. Ó ń ká mi lára, nítorí ará ìlú ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má fi èdè Faransé nìkan dá àwọn ará Háítì lẹ́kọ̀ọ́. Kreyòl ni tọmọdé tàgbà ń sọ.

Èkejì, ẹ má kó ìrẹsì ọ̀fẹ́ lọ. Ní 1995 ni wọ́n já owó ibodè ìrẹsì tó ń ti òkèèrè wọlé wálẹ̀ sí ìdá 3 nínú 100, àwọn àgbẹ̀ Artibonite, agbègbè tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, kò sì tíì bọ́ nínú ìyẹn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi oúnjẹ ṣàánú, lọ́wọ́ wọn ni kẹ́ ẹ ti rà á.

Ẹ má ra ọkọ̀ fún ọlọ́pàá kẹ́ ẹ gbàgbé ilé ẹjọ́: ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ ni a kò tíì dá ẹjọ́ wọn.

Èyí tó burú jù ni ká máa sáré dìbò. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ẹ wo oṣù kẹwàá 2015: èèyàn 54 ló du ipò ààrẹ. Káàdì àwọn aṣojú tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń rán lọ ṣọ́ ibùdó ìdìbò, èyí tí wọ́n pín, lé ní 900,000, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìbò tí wọ́n dì kò ju bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Ẹni tó bá mú káàdì náà dání lè dìbò ní ibùdó tí orúkọ rẹ̀ kò sí. Wọn kò kọ orúkọ sí ọ̀pọ̀ lára wọn, ni wọ́n bá ń tà wọ́n bí ẹni ta gúgúrú. Ìgbìmọ̀ olùṣàyẹ̀wò ní kí wọ́n fagi lé e. November 20, 2016 ni wọ́n tún un dì, bíi ẹnì kan nínú márùn-ún ló sì jáde.

Àtúndì yẹn ló bí ìjà mìíràn. February 2017 ni Jovenel Moïse, ẹni tó wọlé, búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ. Àwọn alátakò ní 2016, tí sáà ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀ parí, ni kí á ti ka ọdún márùn-ún rẹ̀, kó kúrò ní 2021. Òun ní ó di 2022. Wọn kò dìbò aṣòfin ní 2019, ilé aṣòfin sì túká ní January 2020, kò wá sẹ́ni tí yóò là wọ́n. Wọ́n pa á ní July 7, 2021.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí àpótí ìbò, ẹ béèrè: ta ló yan àjọ elétò ìdìbò? Ta ló ń ka iye káàdì aṣojú, ṣé orúkọ wà lára rẹ̀? Báwo ni ìwé èsì ìbò láti gúúsù ṣe fẹ́ dé ibùdó ìṣírò ní Port-au-Prince, olú-ìlú? Títì tó ti gúúsù wọ ìlú, àdúgbò Martissant ló gbà, ọwọ́ àwọn jàǹdùkú sì ni Martissant bọ́ sí ní June 2021.