Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ìyá mi tó ń ṣe bàìbàì
Òkè-Fìà ní Òṣogbo níbí ni ìyá mi ti ń ránṣọ. Mo yọ gílóòbù àtijọ́ 60W tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọn, mo fi énájì sefa 8W sí i kí owó iná lè dín kù. Láti ọjọ́ náà, àfọwọ́bà ni wọ́n fi ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ó dùn mí gan-an.

Nígbà tí mo fẹ́ ra òmíràn, mo rí 15W àti 60W lára páálí kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ló ti yé mi: 15W ni iná tó ń jẹ, 60W ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó ti gílóòbù àtijọ́ 60W. Wáàtì kì í wọn ìmọ́lẹ̀ rárá, lumen ló ń wọ̀n ọ́n. Gílóòbù àtijọ́ 60W ń mú nǹkan bí 800 lumen wá (ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ ṣe). 8W tí mo rà kò ju bí 400 lọ.

Mo fi 15W sí i. Ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú kan kó tó mọ́lẹ̀ tán, ẹ ní sùúrù fún un. Lánàá, òwú dúdú ni Màmá fi rán aṣọ dúdú lálẹ́.