Bí Mo Ṣe Tú Táyà Ẹ̀yìn Ọ̀kadà Mi, Tí Mo Fi Gírísì sí I

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọ̀kadà mi fi ń ké lẹ́yìn. Boxer ni, òun ni mo ń gùn láti Gánmọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Ìdọ̀fíàn. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ó máa ń pẹ́ kó tó tú táyà sílẹ̀. Bí mo bá pa á láti tì í wọlé, àfi bíi pé ọmọlanke tó ru sìmẹ́ǹtì ni mò ń tì. Mẹkáníìkì kan ti bá mi da ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì sórí ṣéènì lẹ́ẹ̀mejì. Igbe náà á dákẹ́ fún ọjọ́ kan, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì rí ní Ìlọrin ni mo pè. Wọ́n ní, "Inú ló ti gbẹ, kì í ṣe ìta. Tú táyà yẹn kó o wò ó."

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, mo gbé e dúró lórí sítáńdì alẹ́sẹ̀ méjì. Mo kọ́kọ́ fi fóònù ya fọ́tò ọ̀tún àti òsì, torí àwọn bọ́ọ̀ṣì (irin oníhò) kéékèèké tó wà níbẹ̀ ò gùn dọ́gba, bí èèyàn bá sì ṣì wọ́n tò, táyà ò ní dúró láàárín. Mo yọ kílíìpù ṣéènì, mo tú irin bíréèkì, mo tú nọ́ọ̀tì ńlá. Irin gbọọrọ tó gba àárín táyà kọjá ló dà mí láàmú. Mo gbé pákó lé e lẹ́nu kí n tó fi òòlù gbá a, nítorí bí òòlù bá kàn án ní tààrà, tíríìdì rẹ̀, ìyẹn ojú ibi tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, á bàjẹ́. Nígbà tó jáde, ìpẹtà àti eruku pupa ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń ha mí lọ́wọ́. Ibi tí igbe ti ń wá nìyẹn.

Kẹrosíìnì àti búrọ́ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi fọ ṣéènì. N kì í lo pẹtiróòlù, iná rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó jáde lára ṣéènì dúdú, ó sì ní iyanrìn nínú. Ọ́ìlì dúdú yẹn ló ń fa eruku ọyẹ́ mọ́ra, tí àwọn méjèèjì wá ń lọ irin bí ọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á sí tiyín.

Mo fi sáńpépà ha ìpẹtà, mo fi gírísì fẹ́ẹ́rẹ́ pa irin náà yíká. Mo fi ìka yí bẹ́árìn méjèèjì tó ń jẹ́ kí táyà máa yí: ọ̀kan ń yí wọ́ọ́rọ́, èkejì ń ta gọ́gọ́, mo sì pààrọ̀ ìyẹn.

Ìdí bíréèkì ni mo ti ṣọ́ra jù. Irin kékeré tó ń ṣí ṣúù bíréèkì (ohun tó ń há táyà mú) ti gbẹ, ìdí nìyẹn tí bíréèkì kì í fi í tètè tú. Gírísì bí ẹyọ ẹ̀wà kan ni mo fi sí i, mo sì nu ọwọ́ mi mọ́ kí n tó fọwọ́ kan ṣúù. Bí gírísì bá kan ojú ṣúù, bíréèkì ò ní mú mọ́. Mi ò fi gírísì sí rọ́bà tó wà nínú họ́ọ̀bù (àárín táyà) náà, torí ó máa ń mú rọ́bà wú.

Mo tò ó padà bó ṣe wà nínú fọ́tò. Ibi tí kílíìpù ti dì ni mo kọ sí apá ibi tí ṣéènì ń yí lọ. Mo fi ṣéènì sílẹ̀ kó máa mì bíi 25 mílímítà, mo wo àmì ọ̀tún àti òsì kó dọ́gba, mo wá fún nọ́ọ̀tì le. Ẹ́ńjìnnì wà ní pípa nígbà tí mò ń fi ọwọ́ yí táyà, tí mò ń kán ọ́ìlì gíà 90 sí inú ṣéènì. Mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò.

Ní Monday, mo gùn ún kọjá Ìdọ̀fíàn títí dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ kan àárín táyà. Kò gbóná: bíréèkì ò há mọ́ ọn mọ́.