Má fi Ògúnlọlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kajú: àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí ó ń mú wa yà kúrò lórí ohun tí a ń kọ

Àbúrò mi kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí tó ń ra kóró kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Ó gbé ìwé kan wá pé kí n bá òun wò ó. Ó fẹ́ kí àwọn tó ń kó ọjà wá fún un mọ bí wọ́n ṣe ń sá kajú kó tó wọ àpò. Ojú ewé márùn-ún ni. Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ ìlú wa dó, ló fi bẹ̀rẹ̀, bó ṣe gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú, lọ fún Aláàfin, tí ìlú fi ń jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dé orí Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá. Ó dé orí yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, tó ń jẹ́ orúkọ olóyè náà lónìí. Kò gbàgbé ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Onítẹ̀bọmi, tó ti wà láti 1898. Ojú ewé kẹrin ni oòrùn tó ran kajú.

Kò sí irọ́ kankan nínú gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àṣìṣe yìí fi ṣòro láti rí. Ìfẹ́ ìlú ló ń fà á. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ kọ, a máa ń fẹ́ kí ẹni tó ń kà á kọ́kọ́ mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kajú rẹ̀ ń hu ewú nínú àpò ni yóò ka ìwé yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé wá, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ kò sì lè bá a dá a lóhùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá pa ìtàn ìlú wa tì ni?”

Mo ní rárá. Bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé báwo ni ìlú yín ṣe gba orúkọ, Ògúnlọlá ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, má sì fi kajú sí i.

Àkọlé rẹ̀ náà dá kún un. “Kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́” ló kọ sókè. Kí ni kò ní bá irú àkọlé bẹ́ẹ̀ wọlé? A yí i sí “Bí a ṣe ń sá kóró kajú kó tó wọ àpò”, kíá ni ìpínrọ̀ mẹ́fà ti di àlejò.

Òwe tún wà. A ní òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a. Àbúrò mi pa òwe mẹ́ta léra lórí sùúrù, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oòrùn ló ń sọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tí ì sọnù tó fi gun ẹṣin jáde. Òwe kan tó bá ọ̀rọ̀ mu tó. Èkejì máa ń fẹ́ kí a ṣàlàyé òun náà, àlàyé yẹn ló sì ń gbé wa lọ.

Mo rò pé ẹnu tí a fi ń sọ̀rọ̀ la gbé sórí ìwé. Bí bàbá bá ń pìtàn lójú agbo tó sì yà bàrà, ẹnì kan á ní, “Bàbá, ti ọdẹ yẹn ńkọ́?” Yóò padà. Kò sí ẹni tó máa pe òǹkọ̀wé padà bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa bi ara rẹ̀ ní ìparí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan pé: ti kajú yẹn ńkọ́?

Èyí tó le jù ni kí a yọ ohun tó dára. Mo ti kọ nípa bí a ṣe ń ṣe èlùbọ́ rí, mo sì kọ nípa àìsàn tó pa ìyá mi sínú rẹ̀, torí pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà. Apá yẹn ló dùn jù nínú ìwé náà, n kò sì lè fọwọ́ kàn án. Obìnrin kan kà á tán, ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó wá ní, “Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ bí omi tí a ó fi bọ iṣu ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó.” Lóòótọ́, n kò sọ ọ́. Ìyá mi yẹ fún ìwé tiwọn, obìnrin yẹn náà sì yẹ fún èsì.

Nítorí náà, n kò sọ fún àbúrò mi pé kó ya ohunkóhun dànù. Mo fún un ní ìwé àjákọ tuntun, gbogbo èyí tí kò bá dá àgbẹ̀ lóhùn ló ń kó sínú rẹ̀. Ó rọrùn fún un láti gé e nígbà tó mọ̀ pé kò sọnù.

Ojú ewé kan àti ààbọ̀ ló ṣẹ́ kù. Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: “Bí o bá mi kóró kajú létí tí kò dún, má tí ì dà á sápò. Sá a sójú oòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí o sì máa rò ó.” Ìwé àjákọ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti kọ àkọlé sí iwájú rẹ̀: “Bí ìlú wa ṣe gba orúkọ.”