Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ní “head” nínú

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra WAEC tàbí JAMB ní Ọ̀yọ́ mọ “head” dáadáa. Orí tó ti mọ̀ látilé ló máa ń ṣì í lọ́nà. Bí onílù bá ki èèyàn ní oríkì l'ọ́jà Akẹ́sán, orí onítọ̀hún á wú, inú ẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì bá sọ pé ó ní “swollen head”, agbéraga ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, kí ẹ tó fún ọmọ ní ìtumọ̀ kankan, ẹ bi í pé: kí ni “head” dúró fún níbí? Ṣé ọpọlọ ni, ìfarabalẹ̀, ìgbéraga, àbí ẹ̀mí èèyàn?

Èyí tó bá Yorùbá mu ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. “Put our heads together” ni ká forí korí. “I can't make head or tail of it” ni mi ò mọ orí, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Kí wọ́n má ṣe gbàgbé “s” ara “heads”, kí wọ́n sì máa fi “can't” tàbí “couldn't” síwájú èkejì.

Lẹ́yìn náà ló kan “keep” àti “lose”. Ká ní òróró gbiná nínú ìkòkò. Ẹni tó pa gáàsì, tó sì fi ọmọrí dé ìkòkò náà, “kept his head”. Èyí tó sáré bu omi dà á, tí iná fi fò dé àjà, “lost her head”: ìpayà ló mú un, kì í ṣe pé orí ẹ̀ dàrú.

Ibẹ̀ gan-an ni máàkì ti ń lọ jù. “Rẹ̀” tiwa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, lọmọ bá kọ “Bísí lost his head”, ó wá dà bíi pé orí ẹlòmíì ni Bísí sọ nù. Ẹ kọ “___ lost ___ head” sójú pátákó, kí ẹ sì máa pààrọ̀ olùwà: I, you, Bísí, Akin. Bó bá di “they”, “their heads” ni. “Bite someone's head off”, ìyẹn kí èèyàn jágbe mọ́ ẹlòmíì, yàtọ̀ o: ẹni tí wọ́n jágbe mọ́ ló ni orí. Bí Bísí bá jágbe mọ́ Akin, “Bísí bit his head off” ló tọ̀nà.

“Go over my head” ní ojú méjì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ló “went over my head”, kò yé mi ni. Bó bá jẹ́ èèyàn, ó fò mí dá, ó lọ bá ọ̀gá mi.

“Off the top of my head” ni ìdáhùn téèyàn sọ láì yẹ ìwé wò. “From the top” tí wọ́n máa ń kọ kò tọ̀nà. Ọ̀ràn ló máa ń “come to a head”, ìyẹn kó le débi tó di dandan ká wá nǹkan ṣe sí i, kì í ṣe èèyàn, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yọ “a” yẹn kúrò.

Mẹ́rin lójúmọ́ ti tó. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dán wọn wò, ẹ má béèrè ìtumọ̀ lásán. Ẹ kọ gbólóhùn kan, kí ẹ sì fún wọn ní ìdáhùn mẹ́rin láti ṣà nínú ẹ̀ bíi ti JAMB. Ẹ rí i pé ọ̀kan mú “head” ní orí tó wà lọ́rùn gan-an. Ìyẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ máa fagi lé.