Bí mo ṣe tọ́jú ajá wa àgbà nígbà tí òòyì gbé e ṣubú

Ní Kétu níbí, bí ajá àgbà bá jí láàárọ̀ tí kò lè dìde, májèlé ni gbogbo ènìyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ìyá ọkọ mi náà dárúkọ rẹ̀. Tanímọ̀la, ajá wa, ti pé ọmọ ọdún 13. Ó jẹun alẹ́, ó sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́ dìde, ó ta gbọ̀ngbọ̀n lọ sápá òsì bí ọ̀mùtí, ó ṣubú, ó sì bì.

"Ìyàwó, má da ara rẹ láàmú," ni Màmá wí. "Ó ti gbó. Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká wo ojú rẹ̀ ná."

Ojú rẹ̀ ò dúró sójú kan. Ẹyinjú méjèèjì ń rọra fà sí òsì, wọ́n á sì já padà sí ọ̀tún wàrà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Orí rẹ̀ tẹ̀ sí òsì. Mo fi fóònù ya fídíò ojú yẹn àti bó ṣe ń ṣubú, mo fi ránṣẹ́ sí dókítà ẹran. Màlúù àwọn Fúlàní ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pè mí kíákíá. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ṣé ajá náà ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Káàdì rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bí kò bá sí ni, n ò ní fọwọ́ kan ẹnu ajá tó ń ta gbọ̀ngbọ̀n, ẹ̀yin náà ẹ má ṣe é.

Nígbà tó dé, ó tan iná sínú etí méjèèjì. Kò sí ọyún, kò rùn. Ó bi mí bóyá mo ti kán oògùn kankan sí etí náà, torí gentamicin, tí ọ̀pọ̀ ń kán sétí ẹran láìbéèrè, lè ba inú etí jẹ́ bí awọ etí bá ti ya. Lẹ́yìn náà ló ṣe nǹkan kan tí mo fẹ́ràn: ó ká ẹsẹ̀ iwájú Tanímọ̀la, ó fi ẹ̀yìn àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ajá náà dá a padà. Ó ṣe é fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bákan náà ni. Ó ní ọpọlọ ṣì mọ ibi tí ẹsẹ̀ wà. Inú lọ́hùn-ún etí, níbi tí omi kan ti ń sọ fún orí pé òkè rèé, ilẹ̀ rèé, ni ìjàngbọ̀n ti dé, lápá òsì nìkan. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ajá àgbà láìsí ìdí tí ènìyàn lè tọ́ka sí. Ó gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, ó ní ìyókù di ọwọ́ ìtọ́jú: láàárín wákàtí 72 ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn á sì máa rìn dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3.

Ó ní bí ẹyinjú bá ń já lókè-sílẹ̀, bí ẹsẹ̀ bá ń wọ́, tàbí bó bá sùn lọ tí kò dá ẹni mọ̀, kí n má dúró rárá, torí ọpọlọ ni yóò kàn nígbà náà. Mo sì gba parasitamọ́ọ̀lù tí Màmá fẹ́ lọ̀ sínú ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn yẹn àti ibuprofen, wọ́n lè pa ajá.

Ilẹ̀ ló yọ mí lẹ́nu jù. Kárò, ìyẹn táìlì, tí a fi ṣe fàràńdà ń yọ̀, gbogbo ìgbà tó bá sì yọ̀ ni ẹ̀rù ń bà á sí i. Mo tẹ́ ẹní, ẹní náà ń yọ̀. Àpò ìdọ̀họ tí mo rọ omi sí díẹ̀ ló dì mọ́ ilẹ̀. Mo fi àpò aṣọ ògbólógbòó dí i lápá òsì, ògiri wà lápá ọ̀tún, kó lè jókòó láìwó. Mo ń yí i padà ní wákàtí díẹ̀díẹ̀ kí egbò má baà dá sí i lára. Lóru, a ò pa iná: nígbà tí etí ò ṣe é gbára lé, ojú ló fi ń mọ ibi tó wà.

Ẹ̀kọ rírọ̀ pẹ̀lú omi ẹja ló jẹ, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà, egungun ti kúrò. Mo ń gbé àwo pẹrẹsẹ sí i lẹ́nu. N kì í da omi sí i lọ́fun, kó má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kó lè lọ tọ̀, mo ń gba ìró àtijọ́ kọjá lábẹ́ ikùn rẹ̀, mo ń di etí ìró náà méjèèjì mú lókè bí ó ti ń gbẹ́sẹ̀. Mo kìlọ̀ fáwọn ọmọ kí wọ́n má gbé e kúrò nílẹ̀, ńṣe ló máa ń jà fitafita bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan nǹkan.

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ dúró. Ìrìn tẹ̀ lé e, ó ń fara ti ògiri. Ní báyìí ó ń dá lọ sẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n orí ṣì tẹ̀ díẹ̀ sí òsì, dókítà sì ní ó lè má lọ mọ́. Bó bá gbọn etí, ó ṣì máa ń ta gbọ̀ngbọ̀n. Àtẹ̀gùn iwájú ilé ni kò lè gùn, nítorí náà a da yẹ̀pẹ̀ pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló ń gbà.