Bí ẹ ṣe máa fi Reminisce han ẹni tó jẹ́ Makanaki nìkan ló mọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́. Téèyàn bá ti dárúkọ Reminisce láàárín àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ẹ́ ni pé "Ṣé Makanaki inú King of Boys yẹn?" Òun náà ni o, òun ló ṣe Makanaki ní 2018, òun náà ló padà wá ṣe é ní 2021 nígbà tí wọ́n gbé ìkejì jáde lórí Netflix, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹ̀rù ẹ̀ bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n kí Kemi Adetiba, tó darí fíìmù náà, tó gbé e síwájú kámẹ́rà rárá, ọkùnrin yìí ti gbé àwo mẹ́rin jáde, ìkan ní 2012, ìkan ní 2013, ìkan ní 2015, ìkan ní 2016, ó sì ń fi Yorùbá rap ńbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi èdè náà tọ́ dàgbà. Pé fíìmù wá bo gbogbo iṣẹ́ yẹn mọ́lẹ̀, ó ń dùn mí wọra. Torí náà bí èmi ṣe máa ń ṣe é tẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n fi ń padà wá tọrọ orin lọ́wọ́ mi nìyí.

Ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe fún ọdún púpọ̀ nìyẹn, màá ti máa pariwo pé Reminisce ju lágbájá lọ kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ náà á gbèjà ti ẹ̀, a ó wá jà títí orin á fi parí láì sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí Dagrin, tóun náà fi Yorùbá rap, dúró sí àyè tiẹ̀, láti oṣù kẹrin 2010 tó ti kú, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fi ẹnì kan wé e. Olamide náà ńkọ́? Òun àti Reminisce jọ kọrin pọ̀ ni, wọn ò bá ara wọn jà, kí lẹ wá ń jà sí?

Ẹ béèrè ohun tẹ́ni náà máa ń gbọ́. Tó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn fújì, ẹ bẹ̀rẹ̀ látinú Baba Hafusa, àwo 2015, torí ẹni tó dàgbà sí àdúgbò tí mọ́ṣáláṣí wà máa dá ohùn yẹn mọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó máa mọ irú bàbá tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ pè ládùúgbò. Tó bá jẹ́ òyìnbó nìkan ló ń jọ ọ́ lójú, ẹ sọ fún un pé ní 2014, ìwé ìròyìn Time l'Amẹ́ríkà ka Reminisce mọ́ àwọn méje tó ń rap káàkiri ayé tó yẹ kéèyàn mọ̀. Mi ò fẹ́ràn kéèyàn máa fi òyìnbó jẹ́rìí síṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìyẹn ló máa jẹ́ kó tẹ́tí, ẹ lò ó jàre, kẹ́ ẹ sì tètè kúrò ńbẹ̀.

Ibi tó dùn jù wá ni kẹ́ ẹ tú ọ̀rọ̀ kan péré fún un. Kì í ṣe gbogbo orin o, ọ̀rọ̀ kan. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná ò sí, èmi àti àbúrò mi jókòó síta, bátìrì fóònù mi ò ju 15% lọ, mo ń gbọ́ àwo 2013 yẹn, Alaga Ibile. Ó ní "Bọ̀dá, kí ni wọ́n ń pè ní Alága Ìbílẹ̀?" Mo ní kí lorúkọ tí wọ́n ń pe ṣíámáànù lókè ọ̀hún. Ó ní alága ìjọba ìbílẹ̀. Mo ní "Yọ ìjọba kúrò ńbẹ̀." Ó dákẹ́, ó tún dákẹ́, ló bá pariwo, "Áà! Alága àwa tí wọ́n ń pè ní local!" Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ò rí i? Orúkọ àwo lásán ni mo tú fún un o. Ẹ rántí pé ìgbà kan wà tẹ́ni tó bá fi Yorùbá rap, local ni wọ́n máa pè é, bí ẹni tí ò lajú. Ọkùnrin yìí gbé èébú yẹn, ó fi joyè. Ní 2015 ó tún ko Olamide àti Phyno mọ́ra, ẹni yẹn ń fi Ìgbò rap, wọ́n pe orin náà ní Local Rappers, ọ̀rọ̀ yẹn dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì rap.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó fi íápíìsì gbọ́ ọ, kó fetí sí ohùn, kó gbàgbé bíìtì ná. Yorùbá ò gba kéèyàn gbé ohùn bó ṣe wù ú. Ọkọ ìyàwó wà, ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro oko wà, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ wà, ọ̀kọ̀ ọdẹ náà wà. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì rap lè gbé ọ̀rọ̀ sókè kó sì tún gbé e wálẹ̀, ìtumọ̀ ẹ̀ ò ní yẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi Yorùbá rap, tó bá ṣi ohùn gbé lẹ́ẹ̀kan, ó ti fi ọkọ́ fún ìyàwó nìyẹn. Bíìtì ń fà á, èdè ń fà á, Reminisce á wà láàárín méjèèjì láì kánjú, pẹ̀lú ohùn ẹ̀ tó wúwo yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ á sì bọ́ síbi tó yẹ. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹ ní kẹ́ni náà gbìyànjú ìlà méjì péré fúnra ẹ̀, á mọ̀.

Tó bá ti wá fẹ́ràn ẹ̀, ẹ má fi orin ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, líǹkì ni kẹ́ ẹ fún un, kí owó gbígbọ́ ẹ̀ lè wọ àpò olórin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ àmì ohùn fi sí Yorùbá, Wikipedia ti Yorùbá wà ńlẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ lọ wo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀, kẹ́ ẹ fi kún un: pé ọmọ Ajílété ni ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, pé Kaduna Polytechnic ló lọ, àwọn àwo ẹ̀ pẹ̀lú ọdún wọn. Ẹ pe rédíò pẹ̀lú, àwọn tó ń sọ Yorùbá bíi Bond FM 92.9, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi orin 2013 sí i, kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nìkan.

Àwo El-Hadj ti 2016, ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Àbúrò mi ṣì wà lórí Baba Hafusa, àná ló tún pè mí láago mọ́kànlá alẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ò yé e.